Bí Àgbà Bá Ṣubú, A Wo Ẹ̀yìn: Ìtàn Àwọn Oníkẹ̀kẹ́ Ìgbà Òtútù

Ní oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, lẹ́yìn ìdánwò sáà kìíní, àwa mẹ́fà gun kẹ̀kẹ́ láti Ìsẹ́yìn lọ sí Adó-Àwáyè. Èmi ni mo dá ìrìn náà sílẹ̀. Èmi ni mo yan ọjọ́, èmi ni mo lọ yá pọ́ǹpù lọ́wọ́ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, èmi náà ni mo sì ṣíwájú. Ọ̀nà náà dára lójú: àpáta níhìn-ín, àpáta lọ́hùn-ún, oko ẹ̀gẹ́ àti igi káṣú lẹ́bàá títì, ọyẹ́ sì bo gbogbo rẹ̀ bí èéfín. Ìrìn náà tó nǹkan bí ogún kìlómítà ní àlọ, ogún kìlómítà ní àbọ̀. A dé ẹsẹ̀ àpáta tí adágún Ìyàkẹ́ wà lórí rẹ̀, a mu gààrí, a jẹ ẹ̀pà, a ya fọ́tò, a sì gbéra padà.

Nígbà tí mo wọ àgbàlá wa, ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Ìyá mi ń kó aṣọ lórí okùn. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi, wọ́n ní, "Àbúrò rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ń bọ̀ lẹ́yìn, mà." N kò parọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ.

Ọmọ ọdún 13 ni àbúrò mi, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló sì kéré jù nínú gbogbo wa. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti jò nígbà tí a kò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà àbọ̀. Ó pè wá, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé ohùn rẹ̀ lọ. Pọ́ǹpù wà nínú báàgì mi, èmi sì wà níwájú pátápátá. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ náà títí ilẹ̀ fi ṣú, kí bàbá àgbẹ̀ kan tó ń fi ọ̀kadà bọ̀ láti oko tó gbé e, tí wọ́n sì bá a so kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀yìn. Aago mẹ́jọ alẹ́ kọjá kí ó tó délé. Ètè rẹ̀ ti bó, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a wọlé ní oṣù Kìíní, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní Ìtàn. Mo rò pé wọn yóò bá mi wí. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ẹni mélòó lẹ jáde? Ta ló ń kà yín?" N kò rí ìdáhùn kankan. Wọ́n wá ní kí n lọ wádìí bóyá àwọn mìíràn ti ní irú ìṣòro yìí rí, kí n sì wo bí wọ́n ṣe yanjú rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àròkọ yìí ni ẹ̀yìn tí mo wò.

Ibi tí mo kọ́kọ́ yà sí ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1878, ní ìlú Harrogate, Stanley Cotterell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìnrìn àjò. Bicycle Touring Club ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ní 1883 wọ́n sọ ọ́ di Cyclists' Touring Club. Kẹ̀kẹ́ ìgbà náà kì í ṣe irú tiwa. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ga tó àyà ènìyàn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kéré bí àwo, ẹni tó bá sì kọlu òkúta lè fi orí sọlẹ̀. Títì kò ní ọ̀dà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí mọ́tò tí yóò gbé ẹni tó bá ṣubú.

Kí ni ẹgbẹ́ náà ṣe? Wọ́n gbé pátákó ìkìlọ̀ sí orí àwọn òkè tó gẹ̀rẹ́ jù, kí àlejò lè mọ̀ pé ewu ń bẹ níwájú. Wọ́n bá àwọn onílé ìtura ní ìgbèríko ṣe àdéhùn iye owó, wọ́n sì gbé àmì ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ní ìyẹ́ kọ́ sára ògiri wọn, kí ẹni tí òjò tàbí òtútù bá lé lè mọ ibi tí yóò yà sí. Ní oríṣiríṣi ìlú, wọ́n yan ọmọ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní consul, tó mọ ọ̀nà àdúgbò rẹ̀, tí àlejò lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbí ni pé wọn kò dúró kí nǹkan ṣe ènìyàn lójú ọ̀nà kí wọ́n tó ronú nípa rẹ̀.

Kíákíá ni kẹ̀kẹ́ yí padà lẹ́yìn èyí. Ní 1885, John Kemp Starley ní ìlú Coventry gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí ti ẹ̀yìn. Ní 1888, John Boyd Dunlop ní ìlú Belfast ṣe táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Bí mo bá wo kẹ̀kẹ́ àbúrò mi, ọ̀nà tí ṣéènì rẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́, ti Starley ni. Táyà tó jò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ti Dunlop ni. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, owó kẹ̀kẹ́ ń wálẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí rà á. Ẹgbẹ́ wá pọ̀. Clarion Cycling Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Birmingham ní 1894, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì wà títí di òní.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ènìyàn yóò fi gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́nà jíjìn nígbà òtútù? Ọyẹ́ tiwa máa ń gbẹ ni lára, ó sì máa ń tutù láàárọ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá yọ, ara a móoru. Ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹfà, ojúmọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù ń ju wákàtí 16 lọ. Ní òpin oṣù Kejìlá, kò tó wákàtí 8. Omi a máa dì lójú títì, kẹ̀kẹ́ a sì máa yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tẹ ilá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń jáde ní ọjọ́ Àìkú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí ẹgbẹ́ bá fi oṣù mẹ́rin sinmi, kò dájú pé gbogbo wọn ni yóò padà wá. Òtútù ló ń fi ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní tòótọ́ hàn.

Ìtàn tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nípa ìgbà òtútù ni ti W. M. Robinson, tó ń fi orúkọ Wayfarer kọ ìwé sínú ìwé ìròyìn Cycling. Jagunjagun ni nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n sì ṣe é léṣe níbẹ̀. Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 1919, oṣù díẹ̀ péré tí ogun parí, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kẹ̀kẹ́, wọ́n sì gbé e nígbà mìíràn, la inú yìnyín kọjá lórí àwọn òkè Berwyn ní ilẹ̀ Wales. Nígbà tó kọ ìtàn ìrìn náà ní oṣù Karùn-ún, ó pè é ní "Over the Top", gbólóhùn tí àwọn ọmọ ogun ń lò nígbà tí wọ́n bá ń jáde nínú kòtò ogun lọ pàdé ọ̀tá. Ó kú ní 1956. Òkúta ìrántí rẹ̀ wà lórí òkè náà di òní, àpótí irin kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìwé sí, kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó bá gòkè débẹ̀ lè kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Nígbà tí mo ka èyí, mo dúró. Kódà lórí òkè tí ènìyàn kì í gbé, ìwé wà tó ń sọ ẹni tó kọjá.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ìgbà òtútù ní àṣà kéékèèké tí ẹni tí kò bá wádìí kò ní kà sí. Wọ́n a máa fi ìwé ìròyìn sábẹ́ aṣọ ní àyà kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé. Wọ́n a máa yà sí ilé oúnjẹ ní abúlé láti mu tíì gbígbóná. Èyí tó jọ mí lójú jù ni ti mọ́gáàdì, ìyẹn irin tàbí ike tó bo táyà lókè. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń béèrè pé kí gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ nígbà òtútù fi í sí kẹ̀kẹ́, kí ó sì gùn dáadáa lẹ́yìn. Bí ẹni iwájú kò bá ní i, omi ẹrẹ̀ tí táyà rẹ̀ ń ta sókè, ojú ẹni ẹ̀yìn ló ń bà lé. Nítorí náà, mọ́gáàdì tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi, ẹni tó ń tẹ̀ lé mi ló ń dáàbò bò.

Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo kọjá sí Ítálì àti ilẹ̀ Faransé, nítorí níbẹ̀ ni ìbéèrè olùkọ́ mi ti di ìjà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1897, àwọn oníkẹ̀kẹ́ kan gbéra ní Róòmù, wọ́n sì gùn dé Naples láàárín ọjọ́ kan, ìrìn tó tó nǹkan bí kìlómítà 230. Wọ́n pe irú wọn ní audaci, ìyẹn àwọn onígboyà. Ní 1904, Henri Desgrange, ẹni kan náà tó dá ìdíje Tour de France sílẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú, mú àṣà náà wọ Faransé, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Audax Club Parisien sílẹ̀ ní ọdún yẹn. Ìdíje kọ́ ni ìrìn Audax. Gbogbo ènìyàn ń lọ pọ̀ ni, balógun ọ̀nà ló ń ṣíwájú, òun ló ń pinnu ìyára, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Lónìí, àwọn tó ṣì ń tẹ̀ lé àṣà yìí sábà máa ń gùn ní ìwọ̀n kìlómítà 22.5 ní wákàtí kan.

Ó dára bẹ́ẹ̀ títí di 1921. Ní ọdún náà, èdèkòyédè dé láàárín Desgrange àti ẹgbẹ́ Audax Club Parisien, ó sì gba àṣẹ tó fún wọn láti máa ṣètò ìrìn Audax padà. Ẹgbẹ́ náà kò tú ká. Wọ́n dá irú ìrìn mìíràn sílẹ̀, èyí tí kálukú yóò ti máa gùn bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, tí kò sì ní balógun. Báyìí ni ọ̀nà méjì ṣe wà: ọ̀nà ká-jọ-lọ àti ọ̀nà kálukú-ní-ìyára-tirẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, mo dá àwọn ti ọ̀nà kejì lẹ́bi. Mo ní, ẹ ò rí i, irú mi nìwọ̀nyí, àwọn tó ń fi ẹni ẹ̀yìn sílẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni. Àfi ìgbà tí mo wo bí ètò wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo rí i pé mo ti yára dájọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí wọ́n ti dá Audax UK sílẹ̀ ní 1976, kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ibẹ̀ lè rí ìrìn gùn tó lè mú kí wọ́n yẹ fún Paris-Brest-Paris, ìrìn kìlómítà 1,200 tó ń wáyé ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Ní ìrìn kìlómítà 200, wákàtí 13 àti ààbọ̀ ni wọ́n fún ènìyàn. Ẹni tó bá ń gun kìlómítà 15 ní wákàtí kan yóò bá a mu, ìyẹn ni pé ẹni tó lọ́ra náà ní àyè. Ṣùgbọ́n ìyára tún ní òpin: ẹni tó bá ju kìlómítà 30 ní wákàtí kan lọ yóò dé ibi àyẹ̀wò kí wọ́n tó ṣí i, yóò sì jókòó dúró. Nítorí náà, kò sí ohun tí eré sísá lè fún un.

Káàdì ni ìpìlẹ̀ ètò náà. Kálukú ń gba káàdì kan ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì máa gba òǹtẹ̀ sí i ní ibi àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, ó lè jẹ́ ilé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀bù tàbí gbọ̀ngàn abúlé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń se ọbẹ̀ gbígbóná de àwọn tó ń bọ̀. Níbi tí kò bá sí ènìyàn, wọ́n á bi í ní ìbéèrè tí ẹni tó débẹ̀ nìkan lè dáhùn, bí i pé kí ló wà lára pátákó oríta. Kò sí ẹni tó ń dúró de ẹlòmíràn lójú ọ̀nà, àmọ́ wọ́n mọ iye ènìyàn tó gbéra, wọ́n sì lè fi wé iye tó dé. Nítorí pé kálukú ń dá lọ ni kíkà fi di dandan.

Ìgbà òtútù ló wá ń dán ètò yìí wò. Audax UK ní àmì-ẹ̀yẹ kan fún ẹni tó bá gun ó kéré tán kìlómítà 200 ní oṣooṣù fún oṣù 12 léraléra. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹnì kan bá lo wákàtí 13 lójú ọ̀nà ní oṣù Kejìlá, tí ojúmọmọ kò sì tó wákàtí 8, ó kéré tán wákàtí 5 ni yóò fi wà nínú òkùnkùn. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ ní iná níwájú àti lẹ́yìn, aṣọ òjò, oúnjẹ, rọ́bà táyà mìíràn àti pọ́ǹpù tirẹ̀. Wọn kò ṣèlérí pé mọ́tò yóò wá gbé e. Èyí dá mi lẹ́bi ní ọ̀nà kejì. Pọ́ǹpù kan ṣoṣo ni àwa mẹ́fà ní, ọwọ́ ẹni tó yára jù ló sì wà.

Ọkùnrin Faransé kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mi wí ju gbogbo wọn lọ. Paul de Vivie ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Vélocio ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ìlú Saint-Étienne ló gbé, òun ló sì ń gbé ìwé ìròyìn Le Cycliste jáde, títí ó fi kú ní 1930. Lára ìmọ̀ràn tó fún àwọn arìnrìn-àjò orí kẹ̀kẹ́ ni pé kí wọ́n jẹun kí ebi tó pa wọ́n, kí wọ́n mumi kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n, kí wọ́n má sì ṣe fi ìgbéraga gun kẹ̀kẹ́ láé. Mo ronú sí èyí tó gbẹ̀yìn. Kí ló mú mi sáré bọ̀ láti Adó-Àwáyè? Kò sí ẹni tó ń lé mi. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n rí i pé èmi ni mo kọ́kọ́ wọ ìlú.

Ohun tí ìtàn kọ́ mi nìyí. Àwọn tó yan ká-jọ-lọ ní balógun tó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó yan kálukú-ní-ìyára-tirẹ̀ ní káàdì, àkókò àti ibi àyẹ̀wò. Àwa kò ní ọ̀kankan. A jáde bí ẹgbẹ́, a padà bí ẹni tó ń sá eré ìje, ẹni tó kẹ́yìn ló sì san gbèsè rẹ̀. Ọ̀nà wo ló dára jù? Fún àgbàlagbà tó lè tún táyà ṣe, mo rò pé méjèèjì dára. Fún ẹgbẹ́ tí ọmọ ọdún 13 wà nínú rẹ̀, ká-jọ-lọ ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n kí káàdì náà wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù Kìíní, kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, a tún lọ. Àbúrò mi kọ́kọ́ kọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì sọ fún un pé òun ni yóò jẹ́ balógun ọ̀nà, pé ẹnikẹ́ni kò ní kọjá rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ìwọ náà ńkọ́?" Mo ní èmi náà. A gé páálí mílíìkì ṣe káàdì, a kọ ìbéèrè mẹ́ta sí i, ọ̀kan nínú wọn ni àwọ̀ tí wọ́n fi kun ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà. Pọ́ǹpù di méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Èmi ni mo kẹ́yìn. Ìrìn náà gbà wá ní àkókò ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ìyẹn sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí àwọn àpáta náà dáadáa, nítorí ní oṣù Kejìlá, títì nìkan ni mo ń wò.

Nígbà tí a dé, ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo dúró níwájú wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí kà wá sókè: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n dá mi dúró. Wọ́n ní, "Ṣé o kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni?" Òótọ́ ni, mo mọ òwe náà. Mo dákẹ́, mo sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ti kẹ̀kẹ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá mi ń wò wá, ètè wọn sì ń mì. Nígbà tí ẹnì kẹfà wọlé ni wọ́n tó dìde lọ bu omi fún wa.